Àìsàn Tó Ń Dé Lẹ́ẹ̀kan Lọ́dún

Ní ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ ọmọdé ní ilé ìwòsàn kan ní ìlú Sfax, nílẹ̀ Lárúbáwá, Naziha ló ń sọ àìsàn di nọ́ńbà nínú ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tuntun kan. Ìlò ẹ̀rọ náà kò le: ẹ tẹ nọ́ńbà àìsàn, ẹ̀rọ á fi iṣẹ́ abẹ tó bá a mu hàn, á sì dá ọjọ́ fún ọmọ. Bí kò bá sí àìsàn, kò sí ọjọ́. Abẹ́ dídá kì í sì í ṣe àìsàn.

Bẹ́ẹ̀, gbogbo ìyá ìlú náà ló fẹ́ kí wọ́n dá abẹ́ fún ọmọkùnrin wọn nígbà tí Ramadan bá pé ọjọ́ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, gẹ́gẹ́ bí àṣà ibẹ̀. Naziha wá ń tẹ "adọ̀dọ́ tó fún jù" fún wọn, ìyẹn awọ orí nǹkan ọmọkùnrin. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ igba ó lé mọ́kànlá ni adọ̀dọ́ wọn fún láàárín ọjọ́ márùn-ún. Ní olú ìlú, ẹ̀rọ ya ìlà iye wọn ga bí ilé gogoro mọ́ṣáláṣí.

Ní ọjọ́ kejìlélógún ààwẹ̀, ọ̀gá kan tó ń jẹ́ Jaziri gbé ìwé ìlà náà dé láti olú ìlú. Òfin ti wà nílẹ̀ pé ẹni tó bá tẹ àìsàn irọ́ á kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Dókítà Olfa, tó ń dá abẹ́ náà, ti sọ fún Naziha pé bí ọ̀gá náà bá ń bínú, Naziha ló tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá ń yìn wọ́n, òun Olfa ló ṣiṣẹ́. Ààwẹ̀ ni, kò tilẹ̀ sí tíì tí wọn ì bá fi tù ú lójú.

"Ìyá wa, àjàkálẹ̀ àrùn wo lèyí?" ọ̀gá Jaziri bi Naziha.

"Ojú ọjọ́ ni, ọ̀gá."

"Ojú ọjọ́ tó mọ ìgbà tí oṣù lé?"

"Àìsàn náà bẹ̀rù Ọlọ́run ni."

Ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó béèrè bóyá wọ́n ń fún àwọn ọmọ lóògùn oorun, ọjọ́ mélòó ni egbò fi ń san, bóyá ọwọ́ dókítà kì í gbọ̀n bí ebi ààwẹ̀ bá ń pa á. Naziha ń dáhùn, òógùn ń bọ́ lára rẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti lò lórí àga yẹn.

Ó tún béèrè bóyá àyè kù lọ́jọ́bọ̀, tó máa jẹ́ ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n ààwẹ̀. Naziha rò pé ó fẹ́ wá ká wọn mọ́ ìdí ọ̀bẹ ni, ṣùgbọ́n kò lè purọ́ mọ́. Ó ní ó ku mẹ́rin.

Ọ̀gá Jaziri dìde, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀: "Ẹ bá mi tẹ ẹyọ kan, ìyá wa, adọ̀dọ́ ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í fún láàárọ̀ yìí."