Ẹ̀rí Ẹnu Èèyàn

Ìgbà kẹta rèé tí Ìbídùn ń wá sí kóòtù òṣìṣẹ́ ní Ṣàgámù nítorí owó àṣekún, ìyẹn owó wákàtí tó ń fi ṣiṣẹ́ kọjá àkókò, tí iléeṣẹ́ rẹ̀ kò san, ó sì ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu. Mojírọ́lá, lọ́yà ọ̀fẹ́ tí ìjọba fún un, ti pe ẹ̀rọ tó ń di oògùn sínú páálí níléeṣẹ́ wọn láti wá jẹ́rìí, torí òfin ní ẹ̀rọ ni kí wọ́n kọ́kọ́ pè.

Ẹ̀rọ náà ní, “Aago márùn-ún ni Ìbídùn ń ṣíwọ́ lójoojúmọ́.”

Ìbídùn mirí. Aago mẹ́sàn-án ni. Ọ̀gá wọn ló ti pa àkọsílẹ̀ wákàtí ìyókù rẹ́ nínú ẹ̀rọ.

Adájọ́ rí i, ó bi Ìbídùn pé, “Ṣé ẹ̀rọ mìíràn wà níbẹ̀?”

“Rárá, Olúwa mi. Èèyàn nìkan ló wà níbẹ̀.”

Ni Ràbíátù, tí wọ́n ṣì jọ ń ṣiṣẹ́, bá dìde lẹ́yìn. “Èmi wà níbẹ̀, Olúwa mi. Àwa méjèèjì la jọ ń ti ilẹ̀kùn láago mẹ́sàn-án.”

Akọ̀wé kóòtù wá Kùránì títí, kò rí i. Láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, èèyàn kankan ò jẹ́rìí níbẹ̀ mọ́. Ràbíátù yọ tirẹ̀ nínú báàgì, ó búra.

Adájọ́ gbọ́ ọ tán, ó ní kí iléeṣẹ́ san owó àṣekún náà. Ìbídùn ò lè yọ̀. Ó di ọwọ́ Ràbíátù mú, torí àwọn méjèèjì mọ̀ pé nítorí ẹ̀rí yìí, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ Ràbíátù nìyẹn.

Mojírọ́lá mí kanlẹ̀, ó ṣí fáìlì tuntun, ó sì kọ orúkọ Ràbíátù sí i.