Wáyà Dé Yàrá Hikmah

Ẹ sún mọ́ ibí, ẹ fetí sí mi dáadáa.

Mò ń ṣe Wi-Fi fún Ìyá Hikmah ní àdúgbò Lotto.

Ráútà wà ní pálọ̀, nẹ́tíwọ̀kì kì í dé yàrá Hikmah lẹ́yìn.

"Mọ́mì, ẹ ní kó máa wá lò ó ní pálọ̀ now."

"Kò lè wá. Fa wáyà lọ bá a."

Mo fa wáyà, mo gbé ráútà kejì síbẹ̀.

Kíá, fóònù Hikmah tó wà ní ṣájà lórí bẹ́ẹ̀dì bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Mẹ́sééjì rẹpẹtẹ, àwọn Mọ́mì ló fi gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́.

Wọ́n jókòó tì í.

"Àná la ṣe fìdáù ọjọ́ ogójì ẹ̀. Ọmọ mi, bá mi fi fóònù ẹ̀ fèsì. Kọ ọ́ pé, 'Mọ́mì, mo ti jẹun.'"

Fóònù náà ti wà lọ́wọ́ mi.

Ká ní ẹ̀yin ni, ṣé ẹ máa tẹ̀ ẹ́?