Onídìrí Tó Fi Owú So Àgọ́

Ẹ ka ìtàn yìí dé òpin o. Ẹ má kà á dé ìdajì kẹ́ ẹ ní ẹ ti mọ ibi tó ń lọ. Ìyàwó tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí náà rò pé òun ti mọ̀.

1.
Onídìrí ni ìyàwó, bíríkìlà ni ọkọ. Nígbà tí wọ́n ṣègbéyàwó tán, wọ́n ní àwọn ò ní gba yàrá. Orí ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ kọ́lé sí ni wọ́n pàgọ́ sí, kí owó tí onílé ì bá gbà lè di sìmẹ́ńtì. Kò sí wáyà iná, kò sí omi ẹ̀rọ. Ìyàwó á gbé iná sọ́là síta láàárọ̀ kó lè mu oòrùn yó, á fa omi ní kànga, á wẹ̀ lẹ́yìn tapólì. Afẹ́fẹ́ ò sì ní í gbé tapólì yẹn sókè àfìgbà tí ọṣẹ bá wà lójú rẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀, ó sunkún. Nígbà tó yá, ó ń fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Bí ọkọ bá tibi iṣẹ́ dé, wọ́n á jókòó sórí àwọn àpò sìmẹ́ńtì tí wọ́n tò sẹ́yìn ibùsùn, wọ́n á máa pín ilé tí wọn ò tíì kọ́.

"Ibí ni ilé ìdáná mi."

"Rárá o, ibẹ̀ ni mo fẹ́ gbé àga mi sí!"

Ẹ rántí àwọn àpò yẹn. Gbogbo ohun tí wọ́n ní láyé nìyẹn.

2.
Obìnrin tó rán àgọ́ náà ni wọ́n ń pè ní Alábẹ́rẹ́. Ọ̀dọ́ ni, ó lẹ́wà, ẹ̀rín ò sì wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ó máa ń yà wò bóyá okùn àgọ́ ṣì dúró dáadáa.

"Ìyàwó wa, ẹ wá kí n kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń ta kókó yìí. Ó nídìí tí mo fi ń ta á bẹ́ẹ̀."

"Mò ń dáná lọ́wọ́," ni ìyàwó fèsì látinú àgọ́. Irọ́ ni. Sítóòfù ò tíì fojú kan ìṣáná láti àárọ̀.

Nírọ̀lẹ́, ọkọ ní, "Ọwọ́ obìnrin yẹn mà dáa o! Gbogbo atẹ́gùn àná, kókó rẹ̀ ò tú."

"Ọwọ́ tèmi ńkọ́?"

"Tìẹ, irun nìyẹn. Okùn lèyí." Ọkọ rẹ́rìn-ín. Ìyàwó ò rẹ́rìn-ín.

3.
Òwú dúdú ni onídìrí fi ń jẹun. Owú wá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ òun náà. Bó bá dùbúlẹ̀, ibi tí wọ́n ti rán aṣọ àgọ́ ló ń wò. Kò síbi tó wò tí kì í ṣe ọwọ́ Alábẹ́rẹ́. Ó ń sọ lọ́kàn rẹ̀ pé, "Èmi ni wọ́n gbé níyàwó, abẹ́ ọwọ́ obìnrin mìíràn ni mò ń sùn." Ní ṣọ́ọ̀bù, ó fa irun oníbàárà kan títí tí ìyẹn fi pariwo: "Ẹ rọra o! Ṣé ẹ fẹ́ fa orí mi yọ ni?"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á, ṣé ẹ rí i? Ẹlòmíràn ti ń jìyà owú tí kò mọ ìdí ẹ̀.

4.
Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó fọwọ́ fa okùn àgọ́, kókó Alábẹ́rẹ́ sì yọ̀ díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. "Kókó tó ń yọ̀ yìí ni wọ́n ń yìn?" Ó tú gbogbo wọn. Ó wé okùn mọ́ èèkàn bó ṣe ń fi òwú wé ìdí irun, ó ki ìdí okùn bọ abẹ́, ó fẹsẹ̀ ti èèkàn, ó fà á le gbandi.

Ọkọ dé, ó ní, "Àgọ́ yìí mà dúró dáadáa lónìí! Alábẹ́rẹ́ wá ni?"

Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ yẹn dun ìyàwó wọ egungun. Ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Bẹ́ẹ̀ ni. Òun ló wá."

5.
Àwọn méjèèjì wà níbi iṣẹ́ nígbà tí ìjì dé. Kókó Alábẹ́rẹ́ ì bá yọ̀ díẹ̀, kí aṣọ lè rí àyè mì, kó má bàa ya. Kókó onídìrí ò yọ̀. Kò tú, kò sún. Aṣọ ló ya. Òjò dà lé sìmẹ́ńtì, nígbà tó sì máa fi dọjọ́ kejì, gbogbo àpò náà ti di òkúta.

"Ta ló fọwọ́ kan okùn yìí?"

"Alábẹ́rẹ́ yín ni."

Ọkọ bínú jáde. Ó lọ bá Alábẹ́rẹ́ níbi iṣẹ́ rẹ̀, ó bú ọmọ ọlọ́mọ lójú àwọn oníbàárà rẹ̀, ìyẹn sì ń sunkún pé, "Ẹ̀gbọ́n, mi ò débẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Mo fi ìyá mi búra."

Nígbà tó padà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti kó okùn. Kókó ṣì wà lára èèkàn, àjákù aṣọ àgọ́ sì wà lókè rẹ̀. Ó lóṣòó, ó wò ó pẹ́.

"Ọjọ́ tí mo mú ọ délé, o dirun fún ìyá mi. Kókó yìí lo fi parí ẹ̀. Ọwọ́ yẹn ni mo rí tí mo fi ní ìwọ ni màá fẹ́."

Ìyàwó kúnlẹ̀. "Kí ló dé tẹ́ ò sọ ọ́ fún mi rí?"

Ọkọ ju okùn ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Sìmẹ́ńtì, màá tún rà á. Àmọ́ o jẹ́ kí n lọ bú aláìṣẹ̀." Ó gbé àpò iṣẹ́ rẹ̀, ó gba ilé ìyá rẹ̀ lọ. Títí di òní, kò tíì padà. Àwọn àpò tó di òkúta ṣì wà lórí ilẹ̀ náà, koríko ti bò wọ́n.

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí ọ̀rọ̀ bá ń dùn yín, ẹ fẹnu sọ ọ́, ẹ má fọwọ́ sọ ọ́. Ẹ̀yin ọkọ, bí ọwọ́ ìyàwó yín bá dáa, ẹ yìn ín kí òjò tó dé. Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí tọkọtaya tuntun tẹ́ ẹ bá mọ̀, kí wọ́n má fi owú so ohun tó yẹ kí wọ́n fi ìfẹ́ so. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Kókó onídìrí ò kúkú tú. Ilé rẹ̀ ló tú.