Ṣokoléètì Inú Bíà

"Màmá, ẹ kàn tọ́ ọ wò. Ṣokoléètì ló pọ̀ jù nínú ẹ̀."

Apọntí kan fi ọwọ́ méjèèjì gbé ife bíà fún ìyá ìyàwó rẹ̀. Ìyá ló ni ilé, títí kan yàrá ẹ̀yìn tó ti ń pọntí. Ìyá kì í fẹnu kan ọtí, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ràn ṣokoléètì ju ọmọdé lọ. Wọ́n ti búra pé bí bíà ti òní ò bá dùn, gbogbo àgbá ọtí á jáde kílẹ̀ tó ṣú.

Ìyá fi ètè kan ìfófòó, wọ́n yínmú. "Mi ò tíì rí ṣokoléètì kankan o."

"Ìsàlẹ̀ ló wà, mà."

Ìyá mu ún dé ìdajì. "Ó jọ pé mo ń gbóòórùn ẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán."

Wọ́n gbé ife dórí, ó di òfìfo. Wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu. "Ẹ̀n-ẹ́n! Mo ti rí i! Èyí kì í ṣọtí rárá, ṣokoléètì gidi ni."

Ọkàn apọntí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń balẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ yọ láti kíṣìnì, tòun ti odindi páálí ṣokoléètì tẹ́nikẹ́ni ò tíì ṣí.

"Olówó orí mi, orí tábìlì lẹ gbàgbé eléyìí sí. Kí lẹ wá fi pọn bíà yẹn?"



Ìyá wo páálí, wọ́n wo ife, wọ́n sì na ife òfìfo náà sí àna wọn.

"Gbé páálí yẹn padà, ọmọ mi. Ẹ má fi ṣokoléètì ba ọtí jẹ́ mọ́ mi lẹ́nu."