Ọmọ Àrọ̀ Inú Àwọ̀n Akínsúlúrẹ́

Láti ìgbà tí odò ti gbé Adétóún lọ ni ọkọ rẹ̀, Akínsúlúrẹ́, ti ń dá pẹja. Àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ tí òun àti àwọn apẹja yòókù ń dẹ ti kó àrọ̀ odò náà tìyá-tọmọ.

Ní àṣálẹ́ ọjọ́ kan, ó ń kó ọmọ àrọ̀ tí kò ju ìka lọ sínú agbọ̀n nígbà tí ìdí ọkọ̀ rì díẹ̀, bí ẹni pé ènìyàn jókòó síbẹ̀.

“Bàbá Mákindé, ẹ jẹ́ kí wọ́n dàgbà.” Ohùn Adétóún, ìyá Mákindé, ni.

Kò lè wẹ̀yìn. “Bí mo bá dá wọn padà, ṣé wàá bá mi relé?”

Tẹkúntẹkún ló da gbogbo wọn sódò. Ìdí ọkọ̀ fúyẹ́. Nígbà tó wẹ̀yìn, ìjókòó ìdí ọkọ̀ rin gbingbin, kò sì sẹ́nì kan níbẹ̀.