Búrọ́ọ̀ṣì Faransé

Obìnrin afọfèrèsé kan na ọ̀pá gígùn rẹ̀, tí rọ́bà omi gba inú rẹ̀, dé fèrèsé tó kẹ́yìn lókè ilé Géraud ní Igolo. Igi ògùrọ̀ fífúyẹ́ ló fúnra rẹ̀ gbẹ́ ṣe búrọ́ọ̀ṣì orí ọ̀pá náà.

"Sọ pàǹtí yẹn nù, Madame!" Géraud yọ ṣùtì sí i. "Búrọ́ọ̀ṣì Faransé rèé. Lò ó, tàbí kí o máa lọ."

Obìnrin náà gbà á. Búrọ́ọ̀ṣì náà wúwo bí ọmọ odó. Ó fi èékánná ha ọ̀dà ẹ̀yìn rẹ̀, ilà mẹ́ta tó máa ń fi irin gbígbóná jó sára iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì yọ jáde. Búrọ́ọ̀ṣì igi ìrókò tó kọ́kọ́ gbẹ́ ni, tó sọ nù sí ààtàn nítorí ìwúwo.

Ó fi irú ilà mẹ́ta kan náà lára búrọ́ọ̀ṣì ògùrọ̀ rẹ̀ han Géraud.

"Patron, ààtàn mi ni Faransé yín."

Ó fi búrọ́ọ̀ṣì ògùrọ̀ rẹ̀ fọ fèrèsé náà tán, ó ká rọ́bà omi, ó lọ.