Ọkọ̀ Àwọn Ará Àdàbà

Òṣùwọ̀n ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà nílé iṣẹ́ ètò ìlera, orúkọ yìí sì dùn mọ́ ọn ju èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ṣírò ibi tí owó ìlera yóò ti ṣe aráàlú lóore jù. Lọ́dún yìí, ọkọ̀ ìtọ́jú kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀, èyí tí ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán àyà wà nínú rẹ̀, àdúgbò kan ṣoṣo ló sì máa lọ.

Kí ojúsàájú má baà wọ̀ ọ́, Òṣùwọ̀n fúnra rẹ̀ ló ní kí akọ̀wé bo orúkọ àwọn àdúgbò mọ́lẹ̀, kí ó fi orúkọ ẹyẹ rọ́pò wọn. Wọ́n yẹ̀ wọ́n wò títí ó fi ku méjì. Ní Lékèélékèé, èrò pọ̀, ilé ìwòsàn ò jìnnà, owó díẹ̀ á sì wo ọ̀pọ̀ ènìyàn sàn. Ní Àdàbà, èrò ò pọ̀, wọ́n ń kú láìtọ́jọ́, wọn kì í sì í dé ilé ìwòsàn àfi ìgbà tí ẹ̀pa ò bá bóró mọ́.

Kò yẹ kó mọ èwo ni èwo. Ṣùgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni, ó ti rò ó, ó ti rò ó já: àdúgbò tirẹ̀ ni Lékèélékèé. Ọ̀dà wà lójú títì wọn, omi ń yọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, òṣìṣẹ́ ìjọba gidi sì ń gbé ibẹ̀, ìyẹn òun. Ohun tó kàn ń dùn ún ni pé ìyá rẹ̀ ń wúkọ́.

Ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Àárọ̀ ni, Màmá ń nu eruku funfun tó máa ń ti ilé iṣẹ́ símẹ́ǹtì fẹ́ wọlé kúrò lórí tábìlì. Kò tíì pẹ́ tó nù ún tán tẹ́lẹ̀. Bó ṣe ń nù ún ló ń wúkọ́.

"Dádì, ṣé ọkọ̀ yẹn ò lè gba ọ̀dọ̀ wa ni?" ìyàwó rẹ̀ bi í. "Ẹ gbọ́ ikọ́ Màmá."

"Ikọ́ ìdílé wa ni," Màmá ti dá a lóhùn. "Ìyá mi wú u nínú ilé yìí, èmi náà ń wú u."

Òṣùwọ̀n wúkọ́ díẹ̀, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó rán ìyàwó rẹ̀ létí bàbá arúgbó iwájú ilé wọn, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣòkú rẹ̀: ṣebí ikọ́ yẹn náà ló wú títí ó fi jayé dọ́jọ́ alẹ́, tó lé dáadáa ní ẹni àádọ́ta ọdún. Ó wá ṣàlàyé pé bí òun bá fi ara ilé òun ṣíwájú, òun ò jẹ́ òṣùwọ̀n mọ́. Ó dùn ún dọ́kàn, kò purọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó yọjú sí dígí, ó rí i pé ìbànújẹ́ náà yẹ òun, ó sì dúró níbẹ̀ díẹ̀ sí i.

Nínú ìpàdé, akápò ò gbà fún un. Obìnrin tí kì í tan ara rẹ̀ jẹ ni. "Owó tó máa wo ẹnì kan sàn ní Àdàbà, ẹni mẹ́ta ló máa wò ní Lékèélékèé," ó ní. "Ẹ̀mí ò ju ẹ̀mí lọ."

Òṣùwọ̀n dìde. Ó ní ìṣirò tí kò bá wo ojú ẹni tí ìyà ń jẹ, ìṣirò lásán ni. Ó ní ọdún kan tí a fi kún ayé ẹni tí kì í dàgbà gbọ́dọ̀ wúwo ju ọdún kan tí a fi kún ayé ẹni tó máa dàgbà tẹ́lẹ̀ lọ. Ikọ́ gbé e, wọ́n bu omi fún un, ó sì tẹ̀ síwájú. Nígbà tó parí, ojú alága ti ń ṣe omi, Àdàbà ló sì gba ọkọ̀.

"Ohun kan ló kù," Òṣùwọ̀n sọ. "Ìyà ti mọ́ àwọn ènìyàn yẹn lára débi pé wọn ò mọ̀ ọ́n ní ìyà mọ́. Kí àwọn nọ́ọ̀sì fi sùúrù bá wọn sọ̀rọ̀, bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀." Wọ́n kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Nígbà tó délé, ó bẹ ìyá rẹ̀ pé kó dárí ji òun. Ohun tó ń tọrọ àforíjì fún ò tilẹ̀ yé Màmá. Ó ní kí Ọlọ́run bá àwọn tálákà wọ̀nyẹn ṣe é. Òṣùwọ̀n ò lè jẹun. Nígbà tó yá, ó jẹun.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó ń so táì lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n kanlẹ̀kùn. Nọ́ọ̀sì kan ló wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ní àwòrán àyà gbogbo ará ilé ni àwọn fẹ́ yà. Màmá pariwo láti inú yàrá pé kó má ṣèyọnu, ikọ́ ìdílé àwọn lásán ni.

Nọ́ọ̀sì náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀ kí ojú rẹ̀ lè ko ti Òṣùwọ̀n, ó sì rọra sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀: "Ẹ má fòyà, sà, ọ̀gá kan ní ọ́fíìsì ti sọ fún wa pé ìyà ti mọ́ ẹ̀yin ará Àdàbà lára."